Ẹ Má Tíì Ki Kásẹ́ẹ̀tì Bọ̀ Ọ́

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbé kámẹ́rà fídíò àtijọ́ jáde látinú àpótí, bóyá èyí tí bàbá rà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí èyí tí àǹtí fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, tó sì ti mú kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tàbí ti òkú àgbà lọ́wọ́, tó fẹ́ tì í wọlé kó lè mọ̀ bóyá kámẹ́rà náà ṣì ń ṣiṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ná. Ẹ má tíì ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bá wá nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo máa sọ lẹ́yìn èyí, àlàyé rẹ̀ ni.

Kámẹ́rà tí wọn kò tàn fún ogún ọdún lè tàn lójú ẹsẹ̀. Iná pupa á tàn, ẹnu rẹ̀ á là, inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n gírísì inú rẹ̀ ti gbẹ, rọ́bà rẹ̀ ti le, ìdọ̀tí ti dì mọ́ hẹ́ẹ̀dì tó ń ka téèpù. Bí ẹ bá fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ó máa fa téèpù jáde, ó máa wé e mọ́ irin róbótó tí ń yí nínú lọ́hùn-ún, á wá há síbẹ̀, kò sì ní lágbára àtidá a padà. Téèpù tó ti ká, tó ti ṣẹ́, kò sí bí wọ́n ṣe lè lọ̀ ọ́ kó tún gún. Ibi tó ṣẹ́ yẹn sì lè jẹ́ ibi tí ìyá yín ti ń jó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí mo ń da ara mi láàmú lórí kámẹ́rà àtijọ́ nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Òótọ́ ni, fóònù dára jù ú lọ fún yíya àwòrán tuntun. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè ka téèpù. Bí ẹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì VHS ńlá, ẹ̀rọ fídíò VHS èyíkéyìí tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lè kà á. Bí ó bá jẹ́ VHS-C, èyí tó kéré, tí téèpù inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó ti VHS gan-an, páálí kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n máa ń tì í bọ̀, ẹ̀rọ fídíò VHS á sì gbé e. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tí kásẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ Video8, tí téèpù rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà mẹ́jọ. Kò sí páálí kankan tí ẹ lè fi tiwọn sí tí VHS á gbà á. Ẹ̀rọ orí tábìlì tó ń ka Video8 kò wọ́pọ̀ rí lọ́dọ̀ wa. Kámẹ́rà tó ya á ni yóò kà á, tàbí ọmọ ìyá rẹ̀.

Ní 1983 ni Sony gbé Betamovie jáde, kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún aráàlú tó jẹ́ pé kámẹ́rà àti ẹ̀rọ agbohùngbàwòrán wà nínú páálí kan ṣoṣo. Ó ń ya, ṣùgbọ́n kò lè fi ohun tó yà hàn. Ẹ ní láti gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn. Lọ́dún kejì, JVC gbé GR-C1 dé, òun ń yà, ó sì ń fi hàn. Video8 wọlé ní 1985. Nígbà tó wá di 1989, Sony mú CCD-TR55 jáde, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 790 gírámù, wọ́n sì polówó rẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìwé ìrìnnà lọ. Látìgbà náà ni kámẹ́rà ti kúrò lórí èjìká, tó di ohun tí ènìyàn ń sọ sínú báàgì tó bá ń bọ̀ wálé fún ọdún. Irú kámẹ́rà kékeré yẹn ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí, torí òun ló máa ń fún ènìyàn níṣẹ́ jù láti jí padà.

Mi ò gbàgbé èyí tó ń gun èjìká o. Oore tó ṣe wa kò kéré. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, tí owó fíìmù onísẹlulọ́ìdì ga kọjá apá àwọn òṣèré alárìnjò, kásẹ́ẹ̀tì VHS ni wọ́n sá tọ̀ lọ. Ní nǹkan bí 1988, wọ́n ti ń fi í ya odindi eré. Àwọn onífídíò tó ń bá wa lọ sí òde ìyàwó àti ìkómọ náà, òun ni wọ́n ń gbé. Téèpù inú àwọn àpótí ìdílé pọ̀ ju èyí tí ilé ìkàwé kankan ní lọ, lójú tèmi.

Àkókò kò sì dúró. Ní oṣù keje 2016 ni Funai, ilé iṣẹ́ ará Japan tó kù tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò VHS, ṣíwọ́ iṣẹ́ náà. Ní 2019, UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ohùn àti àwòrán káàkiri ayé, kéde pé ohun tí a kò bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kúrò lórí téèpù tó bá máa di 2025, ó ṣeé ṣe kó bọ́ lọ́wọ́ wa pátápátá. Kì í ṣe pé téèpù náà máa jóná lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ̀rọ tó ń kà á, ẹ̀yà ara rẹ̀, àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ni wọ́n ń tán lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí i.

Ọ̀rọ̀ iná kò gùn. Bátìrì àtijọ́ yẹn ti kú, ẹ má fi ìgbà ṣòfò lé e lórí. Bó bá ti wú, tàbí tí lẹ́búlẹ́bú funfun ti yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má ṣe tì í bọ ṣájà rárá. Púlọ́ọ̀gì tó bá kámẹ́rà wá ni kẹ́ ẹ fi tàn án. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi sí iná: èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà lè jẹ́ ti volt 120 nìkan, iná ọba wa á sì jó o lẹ́ẹ̀kan náà. Bí púlọ́ọ̀gì bá ti sọnù, oníṣẹ́ iná lè bá yín wá òmíràn tí volt rẹ̀ bá ti bátìrì mu (ti Video8 sábà máa ń jẹ́ volt 6, ti èjìká volt 12), ṣùgbọ́n kó rí i dájú pé ibi tó yẹ kó jẹ́ pọ́sítíìfù ni pọ́sítíìfù wà. Kí iná náà gba inú sitabiláísà kọjá.

Wàyí o, ohun tó ń pa àwọn kámẹ́rà kéékèèké ìgbà yẹn jù lọ. Kì í ṣe eruku. Kì í ṣe ọmọdé tó jù ú sílẹ̀. Kapásítọ̀ ni.

Kapásítọ̀ ni agolo kékeré tí ń gba iná sínú, tí ń tú u sílẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ti fẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bí àmù ẹ̀yìnkùlé tí kì í jẹ́ kí omi dá lójijì bí ẹ̀rọ omi bá dákú. Omi kẹ́míkà kan wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń wá bí kámẹ́rà ṣe máa kéré tó ìwé ìrìnnà, ní ìparí ọdún 1980 sókè àti ìbẹ̀rẹ̀ 1990 sókè, wọ́n lo kapásítọ̀ kéékèèké tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú bọ́ọ̀dù. Rọ́bà tó dí ìsàlẹ̀ wọn kò lágbára tó. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, kẹ́míkà náà ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń tàn kálẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, ó sì ń jẹ okùn bàbà tó tín-ín-rín tí iná ń gbà kọjá. Kámẹ́rà tí wọn kò lò rí, tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá, kò bọ́ nínú rẹ̀. Èyí máa ń ba àwọn ènìyàn nínú jẹ́ gan-an: wọ́n tọ́jú ẹ̀rọ náà dáadáa, ó sì kú síbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Kámẹ́rà á tàn, á sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tàbí kó tàn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fojú sí ihò ìwòran rẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan, tàbí kí àwòrán máa gbọ̀n, kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Tàbí kí àwòrán dára kí ohùn jìnnà réré. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tó bá rí èyí máa ń sọ pé hẹ́ẹ̀dì ló ti bàjẹ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn, mo wo bí wọ́n ṣe ń yọ àwọn kapásítọ̀ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ló wà nídìí iṣẹ́. Ó gbé bọ́ọ̀dù kámẹ́rà kan sábẹ́ awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí agolo àkọ́kọ́. Bí ooru ti kàn án báyìí, òórùn ẹja gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó ti ń tún ẹ̀rọ fídíò ṣe láti ayé VHS. Bàbá náà kò tilẹ̀ wo inú awò.

“Ó ti jò,” ló wí. “Rọra o, ọmọ mi, má lọ́ ọ. Bó bá takú, tún fi ooru sí i.”

“Mo ti gbọ́, sà,” ni ọmọ náà fèsì, kò gbójú sókè.

Nígbà tí agolo náà kúrò, abẹ́ rẹ̀ ti dúdú, àwọ̀ ewé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù létí bàbà. Ó fi isopropyl alcohol àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ó dúró kó gbẹ, ó tún fọ̀ ọ́. Ó wá fi mítà tọ okùn bàbà náà láti ìdí dé orí. Ibì kan ti já. Ó fi wáyà tó tín-ín-rín so ó pọ̀, kó tó lẹ kapásítọ̀ tuntun mọ́ ọn. Ẹyọ kan nìyẹn o, ọ̀pọ̀ ṣì ń bẹ lórí bọ́ọ̀dù.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní gbogbo ìlú ńlá wa, ni wọ́n ní irinṣẹ́ tó lè yọ kapásítọ̀ kéékèèké wọ̀nyí láìba bọ́ọ̀dù jẹ́. Ìgbà tí kámẹ́rà yìí jáde, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì dáyé. Àwọn bàbá onífídíò sì mọ bí téèpù ṣe ń rìn, ohun tí ọmọ fóònù kò rí rí. Kí ẹ má gbé e fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wá àwọn méjèèjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ jókòó sídìí tábìlì kan, kẹ́ ẹ sì san owó iṣẹ́ fún tọ̀tún tòsì.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ó fi fóònù ya àwòrán gbogbo ìpele kó tó tú ìdè kankan. Àmì dúdú tó wà lórí agolo ni ẹ̀gbẹ́ nẹ́gátíìfù. Bí wọ́n bá gbé tuntun sódì, á bú. Volt tuntun kò gbọdọ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Okùn pẹlẹbẹ tó so bọ́ọ̀dù pọ̀ ní ìdè kékeré lẹ́nu, ẹ ṣí ìdè náà kẹ́ ẹ tó fà á. Ihò ìwòran àwọn kámẹ́rà àtijọ́ sì ní gíláàsì tẹlifíṣọ̀n kékeré nínú, iná tó lágbára ń wọ ibẹ̀, ó sì lè ṣẹ́ kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Bí iná bá ti dúró dáadáa, ó ku bí téèpù ṣe ń rìn. Nínú kámẹ́rà èjìká, bẹ́líìtì rọ́bà ló sábà máa ń bàjẹ́: ó lè ti rọ̀, ó tilẹ̀ lè ti yọ́ di ohun dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ nù ún kúrò pátápátá kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i. Nínú kékeré, gírísì tó ti gbẹ àti eyín jíà oníke tó ti sán ni wàhálà. Wọ́n ní láti nu gírísì àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fi tuntun díẹ̀ sí i, díẹ̀ gan-an. Bí kásẹ́ẹ̀tì kan bá ti há sínú rẹ̀ láti ìgbà láéláé, ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, mọ́tò tó ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé fi ọwọ́ yí láti inú, díẹ̀díẹ̀, títí téèpù á fi padà sínú ilé rẹ̀.

Hẹ́ẹ̀dì ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ líle ti ń ṣe iṣẹ́ ibi jù. Irin róbótó kan dagun díẹ̀ nínú kámẹ́rà, ara rẹ̀ ni hẹ́ẹ̀dì wà. Nínú Video8 ti PAL, ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń lò nígbà náà ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba, irin náà ń yí nígbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yíyí kọ̀ọ̀kan sì ń ka odindi àwòrán kan. Àlàfo tó wà lẹ́nu hẹ́ẹ̀dì yẹn kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ẹ rí i pé ìdọ̀tí tí ojú kò lè rí ti tó láti dí i pa. Bó bá dí, àwòrán á di òjò funfun lójú tẹlifíṣọ̀n.

Mo ti rí ẹni tó fi lọ́fínńdà nù ún, mo sì ti rí ẹni tó fi òwú. Òwú máa ń fi fọ́nrán sílẹ̀ tó ń kọ́ hẹ́ẹ̀dì lẹ́nu. Ohun tó dára ni awọ rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà, tàbí ìwé funfun tí kì í tú, kẹ́ ẹ fi isopropyl alcohol rin ín díẹ̀. Ẹ yọ iná kúrò. Ẹ fi ìwé náà kan ara irin róbótó, kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì dá a dúró síbẹ̀. Ọwọ́ kejì ni kẹ́ ẹ fi yí irin náà láti orí rẹ̀, kó máa yí kọjá lára ìwé. Irin ló ń yí, ìwé kì í rìn. Ẹni tó bá fi ìwé nù ún sókè sódò ti ṣẹ́ hẹ́ẹ̀dì, torí ohun tí wọ́n fi ṣe é le, ṣùgbọ́n ó ń fọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa.

Ìgbà yìí ni kásẹ́ẹ̀tì tó lè wọlé, kì í sì í ṣe tìyá yín. Ẹ wá èyí tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, tàbí èyí tí kò dùn yín. Ẹ jẹ́ kó lọ, kó bọ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ wo etí téèpù rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ká, iṣẹ́ kò tíì parí. Bó bá gún, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọkàn yín balẹ̀.

Lórí kásẹ́ẹ̀tì gidi, ẹ kọ́kọ́ gbé e sójú oòrùn àárọ̀ fún ìwò kan péré, kẹ́ ẹ má fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ojú fèrèsé rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó ṣù mọ́ téèpù, èbu ni. Ọ̀rinrin ìlú wa, pàápàá l'Ékòó lásìkò òjò, kì í jẹ́ kí àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbẹ. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ẹ má fi sí ẹ̀rọ kankan, torí èbu náà á kọjá sára hẹ́ẹ̀dì, á sì ti ibẹ̀ bọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì tó kàn. Irú èyí fẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é níṣẹ́. Bí ó bá mọ́, ẹ ti ìdè kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì Video8 títí pupa á fi hàn, kí kámẹ́rà má lè ya nǹkan kan lé e lórí. Ti VHS, ẹ ṣẹ́ ike kékeré etí rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀yin tí kámẹ́rà yín ti Amẹ́ríkà wá, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. NTSC ni ètò àwòrán tí wọ́n ń lò níbẹ̀ nígbà náà, ìlà 525. PAL ni tiwa, ìlà 625. Kámẹ́rà tí àbúrò rà ní Houston kò ní ka kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n yà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, bó ti wù kí wọ́n tún un ṣe tó. Kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú wọn ti bàjẹ́. Kí ẹbí jọ sọ̀rọ̀, kí oníkálukú ka ti ìlú rẹ̀.

Bí kámẹ́rà bá sì kọ̀ jálẹ̀, ọ̀nà kan ṣì wà: ní 1999 Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní Digital8, púpọ̀ nínú wọn ló ń ka téèpù Video8 àtijọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn o, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ má kàn wò ó lásán. Ẹ kọ́kọ́ so wáyà mọ́ kọ̀ǹpútà: yẹ́lò fún àwòrán, funfun àti pupa fún ohùn, gba inú ẹ̀rọ kékeré tí ń gbé fídíò wọ USB, kí kọ̀ǹpútà máa gbà á bí ẹ ti ń wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí téèpù náà bá rìn lè jẹ́ ìgbà tó dára jù tó ní láti rìn. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà sí ibi méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹbí ní ìlú mìíràn. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá pe àwọn àgbà ilé kí wọ́n jókòó tì yín, kí wọ́n máa dárúkọ àwọn tó ń kọjá nínú àwòrán, ta ló bí ta ni, ta ló wọ aṣọ wo, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí oníkálukú jáde. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì lè sọ ọ́.

Kámẹ́rà náà, ẹ yọ bátìrì àti kásẹ́ẹ̀tì kúrò nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e padà, kẹ́ ẹ sì gbé e sí ibi gbígbẹ tí ó ga kúrò nílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì, ẹ má dà á nù nítorí pé ẹ ti ní ẹ̀dà. Ẹ gbé e nàró, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí i lára.